Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́: Àtúnkọ́ Ilé Adìẹ Ẹ̀yìnkùlé ní Ìṣarà-Rẹ́mọ kí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Má Lè Wọlé Mọ́

Iṣẹ́ tí mo ń kọ sílẹ̀ níhìn-ín ni àtúnkọ́ ilé adìẹ tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé ìyá mi ní Ìṣarà-Rẹ́mọ. Ìparí oṣù Ọ̀wàrà, nígbà tí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ni a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a sì ti parí èyí tí ó ṣe kókó nínú rẹ̀ kí ọyẹ́ tó mú. Síbẹ̀, n kò fẹ́ kọ ohunkóhun nípa rẹ̀ títí òjò oṣù Ẹrẹ́nà àti ti oṣù Igbe fi rọ̀ sí i lórí, nítorí pé ilé adìẹ tí òjò kò tíì dán wò, kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó dúró. Adìẹ ìbílẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú èyí tí ìyá mi ń sìn, Noiler díẹ̀, irú adìẹ tí a ń sìn fún ẹran àti ẹyin, sì wà láàárín wọn. Gbogbo wọn, àgbébọ̀, àkùkọ àti àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà, kò ju nǹkan bí 30 lọ. Wọ́n ń jẹ̀ kiri àgbàlá ní ọ̀sán, wọ́n sì ń wọlé sùn ní ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọlé sùn ni ẹranko ń wá.

Ẹ̀yìn ilé wa kọjú sí oko obì kan tí ẹnikẹ́ni kò ro mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Rẹ́mọ ti wà nídìí òwò obì gbànja tipẹ́tipẹ́, ọ̀pọ̀ irú oko bẹ́ẹ̀ tí àwọn bàbá wa gbìn ni ó sì ti di igbó ṣúúrú lẹ́yìn ilé àwọn ọmọ wọn. Inú irú igbó yìí ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ẹtà, òkété àti ejò ń fara pamọ́ sí. Ní ìhà kejì ẹ̀wẹ̀, láti Ṣágámù títí dé Ògèrè, ní ẹ̀bá òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, ilé ìgbé, ilé iṣẹ́ àti ilé ìjọsìn ń gba ilẹ̀ igbó lójoojúmọ́. Ẹranko tí a ti gba ibùgbé rẹ̀ yóò wá oúnjẹ sí ibi tí ó bá ti rí i, adìẹ tí ó sùn sínú pákó jíjẹrà sì rọrùn fún un ju eku inú igbó lọ. Mo sọ èyí ní ìbẹ̀rẹ̀ kí òǹkàwé lè mọ̀ pé n kò bá ẹranko náà ṣe ọ̀tá. Ilé ni ó yẹ kí a tún ṣe.

Ẹranko wo ni ó ń wá?

Bí adìẹ bá ti sọnù, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni gbogbo ènìyàn ń dárúkọ, ṣùgbọ́n àmì tí ẹranko kọ̀ọ̀kan ń fi sílẹ̀ yàtọ̀ síra, ohun tí a ó sì kọ́ láti dènà rẹ̀ yàtọ̀ pẹ̀lú. Ọ̀sán gangan ni àwòdì ń wá, òròmọdìẹ ni ó ń gbé, kì í sì í fi ẹ̀jẹ̀ kankan sílẹ̀. Ejò ń gbé ẹyin tàbí òròmọdìẹ mì lódindi, tí ìtẹ́ yóò fi mọ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rí. Òkété ń gbẹ́ ihò wọlé láti abẹ́ ilẹ̀, ẹyin àti òròmọdìẹ ni òun náà ń wá. Bí ó bá jẹ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tàbí ẹtà ni, ìyẹ́ yóò fọ́n káàkiri, a ó sì rí ojú eyín ní ọrùn tàbí ní orí. Nígbà mìíràn adìẹ bíi mélòó kan yóò kú nílẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni a kò sì ní rí.

Èyí tí mo sọ kẹ́yìn yìí ni ó máa ń bí àwọn tí ń sin adìẹ nínú jù lọ. Wọ́n á ní ìkà ni ẹranko náà, pé ó pa ohun tí kò ní jẹ. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé adìẹ kì í ríran dáadáa nínú òkùnkùn. Bí ìjayà bá mú wọn, wọn a máa fò lu ògiri nítorí pé wọn kò ríbi sá gbà, bí wọ́n bá sì ṣe ń pariwo tí wọ́n ń fò yẹn ni ọwọ́ ẹranko náà yóò ṣe máa ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní gbangba, ọ̀kan ni ì bá mú, àwọn yòókù ì bá sì ti sá. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ pupa tí ó wà ní Yúróòpù a tilẹ̀ máa padà wá kó àwọn tí ó kù, yóò sì wa ilẹ̀ bò wọ́n de ọjọ́ mìíràn. Nítorí náà, ilé tí ẹranko lè wọ̀, tí adìẹ kò sì lè jáde nínú rẹ̀, burú ju kí a má ní ilé rárá lọ.

Bàbá Ọdẹ, tí wọ́n ń gbé ní òpópónà kejì sí wa, ni wọ́n kọ́ wa bí a ṣe lè mọ ẹni tí ń wá. Nígbà tí mo lọ kí wọn, tí mo sì ṣàlàyé fún wọn, wọ́n ní, “Ọmọ mi, má tíì dẹ nǹkan kan o. Lọ ku eérú yí ilé náà ká ní ìrọ̀lẹ́, kí o sì jí lọ wò ó kí àwọn adìẹ tó tẹ̀ ẹ́ rẹ́.” A ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ajá máa ń ní ìka mẹ́rin pẹ̀lú èékánná, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ pupa ti Yúróòpù, nítorí pé ìbátan ajá ni. Ti ológbò jẹ́ mẹ́rin láìsí èékánná, torí pé inú ni ó ń fà á sí bí ó bá ń rìn. Èyí tí a rí nínú eérú wa ní ìka márùn-ún, èékánná rẹ̀ gùn, ó sì tò tẹ̀lé ìsàlẹ̀ pákó ìhà igbó títí dé ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀, níbi tí ó ti gbẹ́ abẹ́ pákó wọlé. Irun rẹ̀ kan há sí orí ìṣó. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ inú igbó tiwa ni Bàbá Ọdẹ sọ pé ó jẹ́, n kò sì rí ìdí láti bá wọn jiyàn.

Kì í ṣe òun nìkan ni ó mọ ọ̀nà ilé wa. Lábẹ́ ọ̀pẹ kan ní etí igbó, a rí òkìtì ìgbẹ́ tí èkùrọ́ àti èèpo ọ̀kùn kún inú rẹ̀. Ẹtà ni ó máa ń yàgbẹ́ sí ojú kan náà lójoojúmọ́ báyìí, ó máa ń jẹ èso, ó ń jẹ kòkòrò, ó sì ń jẹ eku, bí adìẹ bá sì bọ́ sí i lọ́wọ́, kì í kọ̀ ọ́. Ní igun inú ilé adìẹ náà, a tún rí ihò òkété.

Bí ilé àtijọ́ náà ṣe rí kò ṣòro láti ṣàpèjúwe: pákó tí ó jókòó sórí ilẹ̀ lásán, tí ikán ti jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀; nẹ́ẹ̀tì adìẹ olójú gbọọrọ tí ìpẹtà ti mú; àyè lábẹ́ páànù tí orí ẹranko lè gbà; àti ilẹ̀kùn tí a ń fi ìkọ́ kan ṣoṣo tì. Ẹni tí ó kọ́ ọ lákọ̀ọ́kọ́ kọ́ ọ kí adìẹ má baà jáde ni. Kí ẹranko má baà wọlé jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀.

Oró àti tàkúté

Kí a tó ra ìṣó kan, àwọn aládùúgbò ti ń gbà wá nímọ̀ràn pé kí a fi oògùn apakòkòrò sínú òkú adìẹ, kí a sì gbé e sí ẹnu ọ̀nà igbó. Mo kọ̀ ọ́ pátápátá, ìyá mi náà sì kọ̀ ọ́. Oró kò mọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yàtọ̀ sí ajá aládùúgbò. Igún tí ó bá bà lé òkú náà yóò kú, bẹ́ẹ̀ igún ti ṣọ̀wọ́n débi pé ọ̀pọ̀ ọmọ kékeré kò rí i rí. Ẹni tí ó bá sì rí ẹran ìgbẹ́ tí ó kú sí etí oko, tí ó gbé e lọ sè, yóò fi oró yẹn bọ́ ìdílé rẹ̀. Tàkúté irin kò sàn jù ú lọ ní àgbàlá tí ọmọdé àti àgbébọ̀ ti ń rìn kiri. Ẹranko tí ó bá sì kú tàbí tí ara rẹ̀ kò yá, ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án, nítorí pé àrùn dìgbòlugi kì í ṣe ti ajá nìkan.

Ìdí mìíràn tún wà. Bí a bá pa kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan, àyè rẹ̀ ṣí sílẹ̀ nìyẹn, òmíràn yóò sì wá gbà á. Àwọn tí ń bá kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ pupa jà ní Bìrìtìkó ti rí èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn àgbà ní kí a kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, kí a tó fàbọ̀ bá adìẹ. Ilé tí ó ṣeé tì ni mo fi lé akátá tèmi.

Ìwọ̀n

A tọ́jú ìwọ̀n ilé náà mọ́ gígùn pákó tí a ń rí rà ní sọ́mìílì, èyí tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, kí a má baà máa gé pákó sọnù. Ilé oorun jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn àti 8 ní fífẹ̀. Èyí fún adìẹ kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin mẹ́ta, ó sì lé díẹ̀. Iwájú ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7, ẹ̀yìn ga ní 6, kí omi lè máa ṣàn sí ẹ̀yìn. A so ọgbà nẹ́ẹ̀tì kan mọ́ ọn níwájú, tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn àti 12 ní fífẹ̀, fún àárọ̀ kùtùkùtù kí ìyá mi tó ṣí wọn sílẹ̀ sí gbangba. Wákàtí yẹn léwu, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ti ń là, ènìyàn kò tíì jáde, ẹranko kò sì tíì padà sínú igbó.

Ilẹ̀

Ibi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀ ni mo náwó sí jù, ibẹ̀ náà ni mo sì fẹ́ kí òǹkàwé farabalẹ̀ kà.

Lábẹ́ ilé oorun, a gbẹ́ ìpìlẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yíká, a sì to búlọ́ọ̀kù onínṣì 6 ní ipele mẹ́ta: ọ̀kan wà nínú ilẹ̀, méjì wà lókè. Ipele méjì yẹn ga ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀. Ó gbé pákó kúrò nílẹ̀ lọ́wọ́ ikán, kò sì jẹ́ kí ẹranko tí ó dúró sí ìta lè na ọwọ́ mú ẹsẹ̀ adìẹ tí ó jókòó sílẹ̀. Mo ti rí adìẹ tí ẹranko fà lórí yọ láti ojú nẹ́ẹ̀tì láìwọ inú ilé rárá. Ẹni tí kò bá rí irú rẹ̀ rí yóò rò pé àhesọ ni. Nínú ilé, a da kọnkéré tí ó nípọn ní ínṣì 3, símẹ́ǹtì kan sí yanrìn méjì sí òkúta mẹ́rin, lórí ilẹ̀ pupa tí a ti gún mọ́lẹ̀ dáadáa. Òkété ni a torí rẹ̀ da kọnkéré. A wá da ìyẹ̀fun igi lé e lórí kí ẹsẹ̀ adìẹ lè rọ̀, kí ìgbẹ́ wọn sì tètè gbẹ.

Ọgbà iwájú kò ní búlọ́ọ̀kù, nítorí owó, àti nítorí pé ìyá mi fẹ́ kí àwọn adìẹ náà lè máa ta ilẹ̀ wá kòkòrò. Ọgbọ́n tí a lò níbẹ̀ jẹ́ èyí tí àwọn tí ń sin adìẹ ní ìlú tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ pupa ti pọ̀ ń lò láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹranko tí ó fẹ́ gbẹ́ilẹ̀ wọlé máa ń lọ tààrà sí ẹsẹ̀ ògiri, ibẹ̀ gan-an ni yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ. Bí èékánná rẹ̀ bá kan irin, yóò rìn tẹ̀lé ògiri lọ dán ibòmíràn wò. Kò ní ronú láti fà sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà méjì kí ó tó gbẹ́. Nítorí náà, nẹ́ẹ̀tì ni a fi ṣe yẹ̀rì fún ògiri náà: ó sọ̀ kalẹ̀ wọ ilẹ̀, ó sì tẹ́ lọ sí ìta.

Bí a ṣe ṣe é nìyí. Nẹ́ẹ̀tì irin tí a jó pọ̀, tí ojú rẹ̀ kò ju ààbọ̀ ínṣì lọ, ni a rà ní ẹsẹ̀ bàtà 3 ní fífẹ̀. A ká ínṣì 6 nínú rẹ̀ sókè mọ́ ògiri, ínṣì 12 wọ inú ilẹ̀, ínṣì 18 tí ó kù sì tẹ́ lọ sí ìta nísàlẹ̀ kòtò, kò sì sí gígé kankan. Kòtò náà fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀, ó sì jìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Ilẹ̀ pupa Rẹ́mọ máa ń le bí àpáta bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, nítorí náà ó dára tí a tètè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀rinrin ṣì wà nínú rẹ̀. Dígà ni a kọ́kọ́ lò, ṣọ́bìrì sì tẹ̀lé e. Kí a tó wa ilẹ̀ bò ó, a fi ọ̀dà dúdú tí a ń pè ní kọ́tà kun ara nẹ́ẹ̀tì tí yóò wà nínú ilẹ̀, nítorí pé irin tí ó wà nínú ilẹ̀ tútù máa ń tètè dípẹtà, kí a sì tó mọ̀, ó ti jẹ tán níbi tí ojú kò tó.

Igun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Bí a bá tẹ́ nẹ́ẹ̀tì ìhà ọ̀tún àti ti ìhà òsì sí ìta, wọn kò lè pàdé ní ìta igun: àyè onígun mẹ́rin, ínṣì 18 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, yóò ṣófo láàárín wọn. Ẹranko tí ó ń tẹ̀lé ògiri yóò sì dé igun náà dandan. A gé nẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́rin lọ́tọ̀ fún igun kọ̀ọ̀kan, a jẹ́ kí ó gun orí àwọn méjèèjì ní ínṣì 4, a sì fi wáyà ìdè rán wọn pọ̀ ní ojú kọ̀ọ̀kan. Ibi tí gígùn nẹ́ẹ̀tì kan ti tán tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe é. Lẹ́yìn èyí ni a to òkúta wẹ́wẹ́ lé e, tí a wa ilẹ̀ bò ó, tí a sì gbin koríko lé e lórí kí gbòǹgbò rẹ̀ lè di ilẹ̀ àti irin mú pọ̀.

Òpó ọgbà náà jẹ́ irin, tí a rì sínú kọnkéré ní ẹsẹ̀ bàtà méjì. Igi ìbá dín owó kù, ṣùgbọ́n kò sí igi tí apá wa ká tí ikán Ìṣarà kò ní jẹ bí ó bá wà nínú ilẹ̀.

Ògiri àti òrùlé

Lókè búlọ́ọ̀kù, férémù pákó ni a fi kọ́ ọ, a sì fi nẹ́ẹ̀tì irin kan náà bo ojú rẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì adìẹ tí ó wọ́pọ̀ ní ọjà, èyí tí ojú rẹ̀ ní igun mẹ́fà, dára fún kíkó adìẹ mọ́ ojú kan, ṣùgbọ́n wáyà rẹ̀ tinrin, ẹranko tí ebi ń pa sì lè fi eyín àti èékánná ya á. Ojú rẹ̀ tí ó fẹ̀ ní ínṣì kan gba ejò kékeré àti ọmọ eku. Mo fẹ́ kí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lo nẹ́ẹ̀tì líle ní ìsàlẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, kí ó sì fi èyí tí ó rọrùn sókè, ju kí ó fi nẹ́ẹ̀tì tinrin bo gbogbo rẹ̀ lọ.

Bí a ṣe kàn án ṣe pàtàkì tó nẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Bí a bá kàn fi ìṣó lásán tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi, ẹranko yóò ti ibi ìṣó kan bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, yóò sì ṣí bí aṣọ tí òwú rẹ̀ já. Káfíńtà wa fi ìṣó onígun méjì tí a tẹ̀ bí ìkọ́ kàn án ní ínṣì mẹ́rin sí ara wọn, ó sì tún fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ gun orí etí nẹ́ẹ̀tì náà, tí a fi sìkúrù dè mọ́ férémù. Ìta ni a kan nẹ́ẹ̀tì sí, kí ẹranko tí ó bá ń tì í lè máa tì í mọ́ igi.

Ẹnìkan nínú àwọn tí wọ́n wá wo iṣẹ́ ní kí a fi pákó bo gbogbo rẹ̀ pátápátá, ó ní ìyẹn yóò le jù. Ní ìlú olótùútù, ó ṣeé ṣe. Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, níbi tí ooru àti ọ̀rinrin ti pọ̀, adìẹ tí a tì mọ́ inú àpótí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, òórùn ìgbẹ́ yóò mú wọn lójú, àrùn yóò sì pa ju èyí tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ì bá pa lọ. Atẹ́gùn gbọ́dọ̀ máa fẹ́ wọlé. Fún ìdí kan náà, a kò dí àyè abẹ́ páànù pẹ̀lú pákó. Nẹ́ẹ̀tì ni a ká sínú gbogbo ihò tí ìgbì páànù fi sílẹ̀, tí ooru fi lè jáde. Páànù náà yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀ kí òjò má baà fẹ́ wọlé.

Inú ilé, igi mẹ́ta tí adìẹ ń bà lé ni a tò, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8. Adìẹ kan ń gba ínṣì 8 sí 10 lórí igi, gbogbo wọn sì rí àyè. A gbé wọn sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sókè, a sì fi wọ́n jìnnà sí nẹ́ẹ̀tì ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí a ti lò, tí a fi kun férémù nítorí ikán, a kò jẹ́ kí ó kan igi wọ̀nyí tàbí ìtẹ́ ẹyin.

Ilẹ̀kùn

Káfíńtà wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mọṣẹ́, béèrè lọ́wọ́ ìyá mi pé, “Mọ́mì, ìkọ́ méjì sára ilẹ̀kùn adìẹ, kí ni ẹ fẹ́ fi í ṣe?” Ìyá mi dá a lóhùn pé, “Ọmọ mi, tọ́ọ̀ṣì ni mo fi rí ẹranko náà tí ó ń fi imú gbé ìkọ́ àtijọ́ yẹn sókè. Fi méjì sí i.” Ó fi méjì sí i, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ti òkè jẹ́ èyí tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí kí a tó fà á, ọwọ́ ènìyàn nìkan ni ó sì lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì tẹ̀lé ara wọn. Ti ìsàlẹ̀ wà kí igun ilẹ̀kùn má baà ṣeé fà ṣí, nítorí pé ilẹ̀kùn tí a tì lókè nìkan máa ń yẹ̀ nísàlẹ̀ bí a bá tì í. Ìta ni ilẹ̀kùn ń ṣí sí. Ẹnu ọ̀nà jẹ́ kọnkéré, àyè tí ó wà láàárín ilẹ̀kùn àti ilẹ̀ kò sì gba ọmọ ìka.

Ẹnu ọ̀nà kékeré tí àwọn adìẹ ń gbà bọ́ sínú ọgbà jẹ́ pákó tí ó ń yọ̀ lọ sókè sódò nínú ìlà igi méjì, tí a ń fi okùn fà láti ìta. Bí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ inú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú kọnkéré, èékánná kò sì lè ti abẹ́ rẹ̀ gbé e. Ní Yúróòpù, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo ẹ̀rọ tí ń ṣí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, tí ó sì ń tì í nígbà tí ó bá ṣú. Ó yé mi ìdí tí wọ́n fi nílò rẹ̀: ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀sán kò tó wákàtí 8 ní oṣù Ọ̀pẹ̀, ó sì lé ní wákàtí 16 ní oṣù Òkúdù. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ọ̀sán kì í fi bẹ́ẹ̀ ju wákàtí 12 àti ààbọ̀ lọ, kì í sì í dín ní wákàtí 11 àti ààbọ̀, ní gbogbo ọdún. Adìẹ ń wọlé fúnra wọn ní ìrọ̀lẹ́, nǹkan bí aago méje alẹ́ sì ni a ń ti ilẹ̀kùn, yálà ẹ̀ẹ̀rùn ni tàbí òjò. Iṣẹ́ yìí di ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ń gbé lọ́dọ̀ ìyá mi, ó sì máa ń ka àwọn adìẹ náà kí ó tó sọ pákó kalẹ̀. Kíka yìí ṣe pàtàkì. Adìẹ kan tí ó sùn sórí igi ọsàn ní àgbàlá lè fún ẹranko ní ìdí láti máa padà wá.

Ọ̀sán àti àyíká

Kì í ṣe àwòdì ni ó fa iṣẹ́ yìí, nítorí náà n kò ní sọ púpọ̀ lórí rẹ̀. Orí ọgbà nẹ́ẹ̀tì ni a fi nẹ́ẹ̀tì fífúyẹ́ bò, torí pé kò sí adìẹ níbẹ̀ ní alẹ́. Àgbébọ̀ tí ó bá ń tọ́ òròmọdìẹ ń gbé inú ọgbà yìí pẹ̀lú wọn ní ọ̀sán títí ìyẹ́ apá wọn yóò fi gùn.

A ṣán igbó tí ó wà láàárín ilé adìẹ àti oko obì, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 15 ní fífẹ̀, kí ẹranko tí ó bá ń bọ̀ lè gba gbangba kọjá. Oúnjẹ adìẹ kì í sùn síta mọ́. Oúnjẹ tí ó bá ṣẹ́kù ní alẹ́ ń pe eku, eku ń pe ejò àti ẹtà, gbogbo wọn yóò sì pàdé lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ìfun àti ìyẹ́ adìẹ tí a bá pa, a ń rì í mọ́lẹ̀ jìnnà, a kì í dà á sí etí igbó gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ajẹsára lúkúlúkú náà, a rí i pé wọ́n gbà á, nítorí pé àwọn adìẹ kan tí wọ́n ti ń sùn káàkiri ti wá ń sùn lójú kan pẹ̀lú àwọn yòókù.

Lẹ́yìn òjò

Òjò oṣù Ẹrẹ́nà wá pẹ̀lú ìjì. Òrùlé kò mì. Omi tí ó ń ṣàn láti ẹ̀yìn páànù ni ó wọ́ ilẹ̀ lọ ní igun ìhà igbó, tí etí nẹ́ẹ̀tì tí a rì sí ibẹ̀ fi hàn síta. A gbẹ́ ojú àgbàrá tẹ́ẹ́rẹ́ kan kí omi lè gba ibòmíràn, a to òkúta ńláńlá sí igun náà, a sì tún koríko gbìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, kí ó gbẹ́ ojú àgbàrá kí ó tó kan páànù.

Ní ìparí oṣù Igbe, a tún ku eérú. Ojú ẹsẹ̀ onìíka márùn-ún náà wà níbẹ̀, ó rìn yíká ọgbà, ó sì ti gbẹ́ ilẹ̀ ní ojú méjì ní ẹsẹ̀ ògiri, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ igun. Àwọn ihò náà kò jìn ju ibi tí èékánná ti kan irin lọ. Nínú ilé, gbogbo adìẹ pé. Òkìtì ìgbẹ́ ẹtà ṣì wà lábẹ́ ọ̀pẹ ní etí igbó, èkùrọ́ tuntun sì wà nínú rẹ̀, èyí tí ó dùn mọ́ mi nínú, nítorí pé eku ilé wa náà ti dín kù.

Àwọn tí wọ́n wá wò ó láti Òde-Rẹ́mọ àti Ìpẹru sábà máa ń béèrè iye owó. Owó pákó àti irin ń yí padà tó bẹ́ẹ̀ tí iye tí mo bá kọ sílẹ̀ lónìí lè ṣi ẹlòmíràn lọ́nà, ṣùgbọ́n mo lè sọ bí mo ṣe máa ná an bí kò bá tó. Nẹ́ẹ̀tì líle ní ìsàlẹ̀ àti yẹ̀rì rẹ̀ nínú ilẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ rà. Ìkọ́ méjì ni ó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni mo máa dí abẹ́ páànù. Kọnkéré inú ilé lè dúró de ìgbà mìíràn bí òkété kò bá pọ̀ ní àdúgbò náà. Páànù àtijọ́ tí kò lu ṣì ṣeé lò, ọ̀dà ara ògiri kò sì ṣe pàtàkì rárá. Ohun tí ó kù fún wa láti ṣe ni láti ṣí ilẹ̀ yẹ̀rì náà wò ní ojú kan bí ẹ̀ẹ̀rùn bá tún dé, kí a lè mọ bí kọ́tà ṣe dáàbò bo irin tó, kí a sì fi búlọ́ọ̀kù rọ́pò nẹ́ẹ̀tì ní igun tí àgbàrá ti ṣe lọ́ṣẹ́ bí ó bá yẹ.